Kí Ọmọ Tó Wọ Pápá: Ìtàn Àyẹ̀wò Ara Àwọn Ọ̀dọ́ Eléré-Ìdárayá ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì tàbí ìtàn àwọn Òṣómàáló, nítorí pé àwọn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí ni mo bá wá lónìí, láti ibẹ̀ ni n ó sì ti dé orí ọ̀rọ̀ ọkàn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi náà wà lára àwọn ọmọ tí a tò sórí ìlà níwájú olùkọ́ kan ní Iléṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Olùkọ́ ní kí olúkúlùkù gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kí ó sì fi ìka kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí, ó ti tó ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn án, kí ó padà sílé di ọdún tí ń bọ̀. Díẹ̀ ló kù kí tèmi má kàn án. Mo rọra dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, olùkọ́ sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Àyẹ̀wò ara àkọ́kọ́ tí ìjọba ṣe fún mi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún, ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ní gbogbo ibi tí ọwọ́ ìjọba náà dé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé kì í ṣe àṣà àjèjì ní ilẹ̀ yìí pé kí a yẹ ara ọmọ wò kí a tó gbà á láyè láti ṣe nǹkan. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é. Àmọ́ bí a bá wo ohun tí a ń wá lára ọmọ náà fínnífínní, a ó rí i pé ọjọ́ orí ni, tàbí òótọ́, tàbí ìwà, tàbí orúkọ ìdílé. Ọkàn tí ń lù ní àyà rẹ̀ kò sí lára ohun tí a ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tí a bá bí ọmọ láyé àtijọ́, àwọn òbí rẹ̀ a máa tọ babaláwo lọ fún àkọsẹ̀jayé, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí ọmọ náà yóò tọ̀ àti ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì di àkókò ìgbéyàwó, àwọn ìdílé méjèèjì kò ní ṣaláì ṣe ìwádìí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́n nínú ilé ni wọn yóò rán, yóò lọ bí ẹni tí ó wá kí ọ̀rẹ́, yóò sì máa fi ọgbọ́n béèrè. Ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ ti wà nínú ìdílé yìí rí? Ǹjẹ́ wárápá ń bẹ níbẹ̀? Ǹjẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn kì í kú? Mo fẹ́ kí ẹ di ìbéèrè ìkẹyìn yìí mú, nítorí a ó tún padà bá a. Àwọn tí kò mọ̀wé, tí wọn kò sì ní ẹ̀rọ kankan, mọ̀ pé ikú ọ̀dọ́ a máa tọ ìdílé kan lẹ́yìn nígbà mìíràn, àti pé ó yẹ kí a béèrè kí a tó dá ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Ní ti eré, ìjàkadì ni mo lè jẹ́rìí sí. Àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí a fi ń ṣe onídàájọ́ ẹkẹ nígbà ọdún. Bí àwọn ọmọ bá tò wá, kì í wo apá wọn, àyà wọn ni ó máa ń wò. Ó lè ní kí ọmọ kan sáré dé ìdí igi kan kí ó padà, kí ó sì dúró síwájú òun. Bí ọmọ náà bá ń mí bí ewúrẹ́ tí ajá lé, tí mímí náà kò sì tètè rọlẹ̀, àgbà yìí yóò ní kí ó lọ bá wọn lu ìlù. Kò sí ẹni tí ó bínú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí ọkùnrin yẹn ń ṣe kò jìnnà sí ohun tí àwọn oníṣègùn ọkàn ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kí ènìyàn sáré lórí ẹ̀rọ kí wọ́n lè wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń padà bọ̀ sípò.

Ohun tí ó ṣe mí ní kàyéfì gẹ́gẹ́ bí akọ̀tàn ni pé nígbà tí ilé-ìwé gba eré lọ́wọ́ àdúgbò, kò gba ojú àgbà yẹn mọ́ ọn. Eré ilé-ìwé wá pẹ̀lú ìwọ̀n eré, pẹ̀lú aago tí a fi ń ka ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ife fàdákà àti àsíá. Ọ̀gá eré a máa wo ẹni tí ó yára jù. Ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ ni a ń pè ní ọ̀lẹ.

Ibí ni mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí n kò sọ rí ní gbangba. Ní ọdún 1964, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń sá eré ìdánrawò ní pápá ilé-ìwé kan ní Òṣogbo. Ó ti sọ fún ìyá wa lẹ́ẹ̀mejì pé ojú òun ń ṣóòkùn bí òun bá sáré tán. Wọ́n fún un ní àgbo ibà. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó ṣubú ní ìgbà tí ó ń yí igun pápá, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ohun tí a gbọ́ ni pé ọwọ́ ayé ni, pé wọ́n ń ṣe ìlara ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì fòfin dè wá pé kí a má dárúkọ rẹ̀ níwájú ìyá wa. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́ pé àbúrò bàbá mi kan ti ṣubú báyìí lójú ọ̀nà oko, kí a tó bí wa. Ẹni tí ó sọ fún mi kò fi ọ̀kan so mọ́ èkejì. Èmi náà kò fi ọ̀kan so mọ́ èkejì nígbà yẹn.

Ní ọdún tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé yóò fi ṣe àpẹẹrẹ ti jáde láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀yin ará Iléṣà mọ ilé ìwòsàn Wesley Guild, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí ó sì di ara ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1975. Ní 1956 ni dókítà David Morley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀. Ó rí i pé nígbà tí àwọn ìyá bá fi gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ó mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn ìwúwo àwọn ọmọ láti ìgbà tí a bí wọn, ó sì ń ya ìwúwo náà sórí káàdì kan tí ó ní ìlà méjì tí ó gòkè lọ bí ọ̀nà. Bí àmì ọmọ bá ń bá ìlà náà lọ, ara rẹ̀ le. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni káàdì náà ti lọ yí ayé ká. Bí ẹ bá wọ ilé ìtọ́jú aláboyún kan ní Áfíríkà tàbí ní Éṣíà lónìí, tí ẹ rí káàdì ìwúwo ọmọ, ẹ rántí Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ohun méjì nínú iṣẹ́ Morley ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní ni pé kò dúró de àìsàn. Ọmọ tí ara rẹ̀ le ni ó ń yẹ̀ wò. Èkejì, tí mo kà sí èyí tí ó gbọ́n jù, ni pé ọwọ́ ìyá ni ó fi káàdì náà sí, kò kó o sínú àpótí ilé ìwòsàn. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà tọ́jú rẹ̀ dáadáa ju bí akọ̀wé ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú fáìlì lọ. Ìtàn ara ọmọ wà nílé, lọ́wọ́ ẹni tí ó bí i.

Àmọ́ káàdì náà parí ní ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọmọ di ti ilé-ìwé, kò sì sí ẹni tí ó ń ya ìlà kankan fún un mọ́. Ọmọ tí a ti wọ̀n lóṣooṣù láti ìgbà ìkókó lè di agbábọ́ọ̀lù ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láìsí ẹni tí ó tún fi etí sí àyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọdún 1989. Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ní ọdún náà. Ọ̀kan ni pé àjọ FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a lò ní ìdíje Òlíḿpíìkì 1988 kò bá èyí tí a ti kọ sílẹ̀ fún wọn nínú ìdíje ìṣáájú mu. Wọ́n fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì gba ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991, tí à bá gbà lálejò, lọ́wọ́ wa. Ilẹ̀ Pọtogí ni wọ́n gbé e lọ. Èkejì ni ikú Samuel Okwaraji. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, amòfin tí ó ti kàwé ní Róòmù, tí ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà figagbága láti lè lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin, ó ṣubú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àyẹ̀wò tí a ṣe sí òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní Òṣogbo ni mo wà ní ọjọ́ yẹn, ní ìdí rédíò, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó tì mí ní àwọn ará Àǹgólà ti fi nǹkan sí i. N kò dá a lóhùn. Mo dìde, mo jáde.

Ìtìjú àti ọ̀fọ̀ ni wọ́n jọ dé lọ́dún kan náà, ẹ̀kọ́ kan sì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. A kọ́ ti ìtìjú. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ọjọ́ orí kò ti kúrò lẹ́nu àwọn tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ní 2009, FIFA fi ẹ̀rọ MRI wo ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Egungun ọrùn-ọwọ́ ọmọdé ní àlàfo kan tí ó fi ń gùn sí i. Bí àlàfo náà bá ti dí pátápátá, ó ṣòro kí ẹni náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rọ olówó iyebíye ni. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Láti 1955 dé 2009, ọwọ́ ọmọ ni a ṣì ń wò!

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀fọ̀ ńkọ́? A gbẹ́ ère Okwaraji sí ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré. Ní 1995, Amir Angwe, agbábọ́ọ̀lù Julius Berger, tún ṣubú lórí pápá ní Èkó nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2020, Chineme Martins ti ẹgbẹ́ Nasarawa United ṣubú ní Lafia, kò sì jí mọ́. Àwọn tí mo dárúkọ yìí ni àwọn tí òkìkí ikú wọn kàn, nítorí pé ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó ṣubú ní pápá tí kò ní ògiri, ilé wọn nìkan ni ó mọ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ti Nwankwo Kanu. Ó gba wúrà ní Atlanta ní oṣù Kẹjọ 1996, ẹgbẹ́ Inter ti ìlú Milan sì ti rà á. Ilẹ̀ Ítálì ni ó lọ, ilẹ̀ Ítálì sì ní òfin kan: láti 1982, kò sí ẹni tí ó lè wọ ìdíje eré-ìdárayá láìjẹ́ pé oníṣègùn yẹ ọkàn rẹ̀ wò, tí a sì fi ẹ̀rọ ECG ya bí ọkàn náà ṣe ń lù sórí bébà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún Kanu ni ó tú àṣírí pé ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò pa dé dáadáa. Wọ́n sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ti parí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di 1997 ó ti padà sórí pápá. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà ní 1999, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2000 tí ó ń ran àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ní àléébù lọ́wọ́. Ẹ wò ó o: láàárín Okwaraji àti Kanu, ọdún méje péré ni. Kì í ṣe agbára ni ó fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni kan rí ẹni tí ó gbọ́ ọkàn rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́, ẹni kan kò rí i.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò lórí òfin Ítálì náà. Ní agbègbè Veneto, ní 1979 sí 1980, iye ọ̀dọ́ eléré-ìdárayá tí ń kú lójijì lọ́dún jẹ́ 3.6 nínú 100,000. Ní 2003 sí 2004, ó ti lọ sílẹ̀ sí 0.4. Ìwádìí náà jáde ní 2006, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má baà tàn yín, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ṣe irú òfin yìí ní 1997, ìwádìí tí ó sì jáde níbẹ̀ ní 2011 kò rí i pé ikú dínkù nítorí rẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ti Amẹ́ríkà kò gbà pé kí a fi ECG ṣe túláàsì fún gbogbo ọ̀dọ́. Ìbéèrè mẹ́rìnlá kan ni wọ́n ń lò, ti ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ọmọ àti òbí, àti ti ohun tí oníṣègùn fi ojú, etí àti ọwọ́ rí. Christian Eriksen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti ṣe àyẹ̀wò ọkàn lọ́pọ̀ ìgbà láìsí àbùkù kankan kí ó tó ṣubú ní Copenhagen ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2021. Ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí, tí ó wà nítòsí pápá, ni ó gbà á là.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ ewu kan tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú ní pàtó, nítorí pé mo ti gbọ́ tí àwọn olówó kan ń sọ pé kí a kàn ra ẹ̀rọ fún gbogbo ilé-ìwé kí ọ̀rọ̀ parí. Lára àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó yẹ kí ìlà ECG jọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ìlà ọkàn ọ̀pọ̀ eléré-ìdárayá aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le koko a máa yí padà ní ọ̀nà kan tí ìwé àtijọ́ ń pè ní àìsàn. Bí a bá tẹ̀lé ìwé yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan ni a ó lé kúrò lórí pápá pẹ̀lú ìbẹ̀rù ikú nínú wọn. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní 2017 ti fi ti aláwọ̀ dúdú sí ààyè tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè ka ara rẹ̀. Ẹni tí yóò kà á gbọ́dọ̀ mọ ara ẹni tí ó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbà ẹkẹ àdúgbò wa ṣe mọ̀ ọ́n.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ AS rí. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ẹnì kan tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí a bá lé e sáré àṣejù nínú oòrùn, láìsí omi, láìsí ìsinmi, iṣan rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan, Dale Lloyd, kú lẹ́yìn ìdánrawò ní 2006, láti 2010 ni wọ́n sì ti ń béèrè irú ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré-ìdárayá ní àwọn yunifásítì ńláńlá wọn. Wọn kò lé àwọn AS. Omi àti ìsinmi ni wọ́n fi kún un. Níbí, ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ láìrí ìwé irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìwádìí alárenà àtijọ́ nìyẹn, ó wọ aṣọ tuntun. Ọmọkùnrin tí yóò gbéyàwó ní ọmọ ọdún ọgbọ̀n yóò mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan náà ti sá eré ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún mítà márùn-ún ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìmọ̀ ọ́n. A ń ṣọ́ ọmọ tí a kò tíì bí. Èyí tí a ti bí ńkọ́?

Ẹ lè sọ pé ìwé ìlera wà. Ó wà lóòótọ́. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá pé ara mi le tó fún ẹ̀kọ́ àti eré. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan, mo san owó, akọ̀wé kan béèrè orúkọ mi, ó lu òǹtẹ̀, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí n bọ́ ẹ̀wù. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n sì máa ń rín, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni tiwọn gbà wáyé. Ohun tí ó burú nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun ńlá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe. Òṣogbo ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́, èyí tí a mọ̀ sí ti LAUTECH tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wesley Guild ṣì wà ní Iléṣà. Nọ́ọ̀sì kan lè fi ọjọ́ kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tí ó fẹ́ sáré ní ilé-ìwé kan. Oníṣègùn kan lè fi etí sí àyà wọn kí ó gbọ́ bóyá ìró ìlẹ̀kùn ọkàn dán mọ́rán. Àrùn tí ń ti ọ̀fun dídùn ọmọdé bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń ba ìlẹ̀kùn ọkàn jẹ́, ṣì pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn díẹ̀ tí nǹkan bá ṣe àjèjì lára wọn ni a ó rán lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ibi tí ó ti ṣòro ni ìbéèrè. Nínú gbogbo ohun tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ń béèrè, èyí tí ó wúlò jù lójú mi ni mẹ́ta: Ǹjẹ́ o ti dákú rí nígbà tí ò ń sáré? Ǹjẹ́ àyà ń dùn ọ́ bí o bá ń sáré? Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ìdílé yín ti kú lójijì kí ó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún? Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, tí ó ṣubú ní Lyon ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2003, tí ikú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí FIFA máa béèrè àyẹ̀wò láti ìgbà Ife Àgbáyé 2006, ìṣòro ọkàn tí ó ní jẹ́ irú èyí tí òbí lè bí mọ́ ọmọ. Ìbéèrè kẹta ni ó lè tú irú rẹ̀ fó láìná kọ́bọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dáhùn ní ilẹ̀ wa? Bí a bá ti sọ pé ọwọ́ ayé ni ó pa ènìyàn, a ti pa ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ikú tí ọ̀tá fà kò kan ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Kò sì sí ìdí láti sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Àwọn baba wa tí wọ́n ń béèrè bí àwọn ọ̀dọ́ ilé kan kì í bá í kú mọ̀ dáadáa pé ilé náà yóò fi pamọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bi onílé léèrè, aládùúgbò ni wọ́n ń bi.

N kò bẹ yín kí ẹ kọ ìgbàgbọ́ yín sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé ayé ni, kí ó gbà bẹ́ẹ̀. Kí ó ṣá sọ fún oníṣègùn pé ọmọ náà ṣubú, pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, àti pé ó ń sáré lọ́wọ́.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan fẹ́ wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ kan. Ó mú fọ́ọ̀mù wá fún mi kí n bu ọwọ́ lù ú. Mo kà á lójú méjèèjì. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n bàtà rẹ̀, ipò tí ó fẹ́ràn lórí pápá, àti ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, èyí tí wọ́n fà ìlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí fọ́ọ̀mù náà padà sí ẹ̀yìn, níbi tí kò sí nǹkan kan, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá-bàbá ọmọ yìí kú lójú eré sísá ní 1964, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àti pé àbúrò bàbá rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ kú ṣáájú. Mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á bí mo ti ń kọ ọ́. Ó ní, "Bàbá àgbà, ta nìyí? N kò gbọ́ orúkọ yìí rí." Mo ní kí ó fa àga wá.